Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: ẹyẹ tó fò kúrò lára àdìrẹ, àti ibi tó gbé iṣẹ́ mi dé

Ìran kan ṣoṣo nínú fíìmù kúkurú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ fíìmù náà, èmi ni mo darí rẹ̀, èmi náà ni mo ṣe gbogbo VFX inú rẹ̀ (àwọn àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà dá tàbí tún ṣe) ní Abẹ́òkúta. Ìyá aláró kan fa àdìrẹ ẹlẹ́kọ jáde nínú ìkòkò aró, ó gbọ̀n ọ́n, àwọn ẹyẹ tí wọ́n yà sára aṣọ náà sì gbéra, wọ́n fò gba orí ògiri kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá 9 ni gbogbo rẹ̀. Férémù 24, ìyẹn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà férémù 216 ni mo ní láti fọwọ́ kàn. Ìran yìí ló gbé fíìmù náà dé àjọ̀dún kan ní Faransé, òun náà ló fa iṣẹ́ tí mò ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Montréal ní Kánádà ṣe báyìí. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé máa ń bi mí pé ọ̀nà wo ni mo gbà débẹ̀. Ìwé iṣẹ́ mi ni mo ṣí sílẹ̀ tí mo fi ń kọ èyí.

Kí kámẹ́rà tó jáde

Ìtòkú ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ níbẹ̀ lónìí, àbẹ́là ni wọ́n fi ṣe é, aró tí wọ́n ń rà lọ́jà ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́. Ẹlẹ́kọ ni mò ń wá ní tèmi: èyí tí wọ́n fi láfún ro ẹ̀kọ rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí i, tí wọ́n wá rì sínú aró ewé elú àti omi eérú. Mo rí ìyá kan tó ṣì ń ṣe é. Ọnà tí a jọ yàn ni wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Pé, ẹyẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Mo kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n láì gbé kámẹ́rà dání. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló tún gbogbo ètò iṣẹ́ náà tò. Aṣọ kì í dúdú nígbà tó bá ń jáde nínú aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń jáde ní, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò máa yí sí búlúù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúdú.

“Ọmọ mi, ìkòkò nìkan kọ́ ló ń rẹ aṣọ o,” ni Ìyá wí fún mi. “Atẹ́gùn ló ń parí ẹ̀.”

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ́síjìn kò sí nínú aró tó bá ti jinná dáadáa. Ohun tó wà níbẹ̀ ti yòrò sínú omi, kò sì tíì di búlúù. Bí aṣọ bá jáde síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di búlúù, á sì dì mọ́ òwú. Etí aṣọ ló ń kọ́kọ́ yí. Ibi tó bá ká pọ̀ ló ń kẹ́yìn, nítorí atẹ́gùn kò tètè ráyè wọ ibẹ̀. Mo ya gbogbo èyí sínú ìwé, mo fi ọfà tọ́ka sí ibi tí àwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé ẹyẹ kò ní fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ tó wà létí aṣọ ni yóò kọ́kọ́ gbéra, ẹyẹ inú ìká aṣọ ni yóò kẹ́yìn, kálukú ní ìgbà tí búlúù bá yí i ká tán. Ohun kejì tí mo rí: ẹ̀kọ ṣì máa ń wà lára aṣọ nígbà tó bá jáde nínú aró. Ó dìgbà tí aṣọ bá gbẹ tí wọ́n bá họ ẹ̀kọ kúrò kí funfun ọnà tó hàn. Mo lo ìyẹn náà. Ẹ̀kọ á là, á máa já bọ́ wẹ́wẹ́, ẹyẹ á sì jáde lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí aláró yóò wò tí kò ní pè ní irọ́ ni mò ń wá.

Ọjọ́ tí a ya á

Iná ọba tiwa ń lọ ní 50 Hz (ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), nítorí náà gílóòbù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú èèyàn kì í rí i, kámẹ́rà ń rí i. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ á ní kí èèyàn fi shutter (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó fún férémù kan) sí 1/48 ìṣẹ́jú-àáyá tó bá ń ya férémù 24. Tiwọn ń lọ ní 60 Hz. Níbí, 1/50 ni mo fi í sí, kí ó lè bá iná wa mu. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló burú jù, nítorí kì í dúró sójú kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tàbí tó ń falẹ̀ ni Hz rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀, kò sì sí shutter tó lè bá irú ìyẹn mu. A pa jẹnẹrétọ̀. Oòrùn la fi ya ìta, iná LED tó ń lo bátìrì la sì tàn sí ẹ̀yìn ìkòkò níbi tó ṣókùnkùn.

Bí a ṣe ya ìran náà tán, kí oòrùn tó kúrò lójú kan, mo gbé bọ́ọ̀lù méjì lọ síbi tí aṣọ wà, mo ya wọ́n. Ọ̀kan ń dán bíi jígí, èkejì ní àwọ̀ eérú. Aláwọ̀ eérú ló ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti bí òjìji ṣe le tó. Èyí tó ń dán ló ń fi gbogbo àyíká hàn: ọ̀run, ògiri, páànù òrùlé tó ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú padà sára aṣọ. Mo tún ya àgbàlá náà yí po, láti èyí tó ṣókùnkùn débi pé oòrùn nìkan ló hàn, títí dé èyí tó mọ́lẹ̀ débi pé abẹ́ àga pàápàá hàn, mo wá so gbogbo wọn pọ̀ di HDRI kan, àwòrán kan ṣoṣo tó gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sínú. Paul Debevec, onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, ló fi ọ̀nà yìí han ayé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1998, títí dòní olónìí kò sí èyí tó dáa jù ú lọ fún ẹni tó fẹ́ kí ohun tó dá sínú kọ̀ǹpútà bá ohun tí kámẹ́rà yà mu. Lẹ́yìn náà mo ya pátákó tó ní ìlà dúdú àti funfun, kí n lè mọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń tẹ nǹkan létí.

Mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́ǹsì 35 mm, bí ó ṣe ṣí tó, bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí ẹnu ìkòkò tó, aago tí a yà á, ìhà tí oòrùn wà, bí ògiri ṣe ga tó. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣe fíìmù nílé ń fo ibí yìí dá, nítorí oòrùn ń lọ, òṣèré ti rẹ̀, oúnjẹ ti dé. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ nípa Montréal, orí ìwé yìí ló dúró lé.

Gígé aṣọ kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀

Kí ẹyẹ tó lè fò gba ẹ̀yìn aṣọ kọjá, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ aṣọ, èyí tó jẹ́ ọwọ́ Ìyá, àti èyí tó jẹ́ àgbàlá. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni kí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ búlúù sẹ́yìn òṣèré, kí kọ̀ǹpútà wá yọ àwọ̀ yẹn dànù. Ẹ wò ó ná. Bí mo bá ta búlúù, á gbé àdìrẹ lọ, á sì gbé ìka Ìyá lọ, nítorí aró ti wọ èékánná wọn láti ọdún pípẹ́. Bí mo bá ta aláwọ̀ ewé, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé á pòórá mọ́ ọn. Méjèèjì kò ṣeé lò. Nítorí náà n kò ta ohunkóhun. Àgbàlá gidi la fi sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo sì jókòó ti roto: kí n fi ọwọ́ fa ìlà yí aṣọ náà ká láti férémù kìíní títí dé ìkẹyìn. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. N kì í fa ìlà kan ṣoṣo yí gbogbo aṣọ ká. Mo pín in: etí òkè, etí ìsàlẹ̀, ìká aṣọ kọ̀ọ̀kan, ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní oríkèé-oríkèé. Oríkèé ṣe pàtàkì, nítorí ìka kì í yí bí ó ṣe wù ú, ibi tí egungun méjì bá ti pàdé ló ti ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wá àwọn férémù tí aṣọ ti dé ibi tó lè dé jù lọ kó tó yí padà, ìyẹn òkè pátápátá àti ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kọ́kọ́ tò wọ́n. Àárín méjèèjì ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àárín àárín. Ẹni tó bá ń tò láti 1, 2, 3 lọ, ìlà rẹ̀ á máa gbọ̀n lójú ìran, èèyàn á sì rí i pé nǹkan kan ń rìn létí aṣọ, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Níbi tí Ìyá ti gbọ̀n aṣọ, etí rẹ̀ kì í mọ́ gaara. Ó máa ń fẹ̀, ó máa ń rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí ìsáré. Ìlà mi kò gbọ́dọ̀ mú ju bí kámẹ́rà ṣe rí i lọ. Mo fi 1/50 yẹn sínú ètò roto kí ìlà náà máa fẹ̀ bí aṣọ ṣe ń sáré tó. Omi aró tó ń ta sókè ńkọ́? N kò fa ìlà yí ẹ̀kán omi kankan ká. Ẹ̀kán omi mọ́lẹ̀ ju ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, nítorí náà mo fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan yọ ọ́, mo sì dá a padà sórí ohun gbogbo ní ìgbẹ̀yìn.

Ẹyẹ

Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń dá àwòrán 3D, ni mo fi ṣe é. Ton Roosendaal ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Netherlands ní 1994. Ní 2002 àwọn tó ń lò ó kó 100,000 yúrò jọ láti rà á sílẹ̀ kó lè di ti gbogbo ènìyàn, ọ̀fẹ́ ló sì wà títí dòní. Fún ẹni tó wà níbí, tí naira kan kò dúró níwájú dọ́là, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà òkè òkun máa ń wojú ẹni tó bá pe Blender. Láti ìgbà tí *Flow*, fíìmù Gints Zilbalodis ará Latvia tí wọ́n fi Blender ṣe, ti gba Oscar ní 2025, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.

Tracking ló ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà lè mọ bí kámẹ́rà ṣe rìn. Mo ní ìwé bí ògiri ṣe ga tó àti bí ìkòkò ṣe jìnnà tó, nítorí náà kò pẹ́ tí nọ́ńbà àṣìṣe fi wá sílẹ̀ dáadáa ju píksẹ́lì kan lọ. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, fọ́tò aṣọ náà gan-an ni mo fi bò ó lára, pẹ̀lú ìlà búlúù tín-ín-rín tó máa ń gba inú ẹ̀kọ tó là wọlé. Mo fún wọn nísanra, àmọ́ díẹ̀ ni, ìwọ̀n bí aṣọ ṣe nípọn ni, nítorí aṣọ ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di ẹyẹ. Ìyẹ́ apá wọn ń ká bí etí aṣọ ṣe ń ká.

Òjìji ló gba àkókò jù. Ẹyẹ tó bá gbéra lórí aṣọ tútù gbọ́dọ̀ ju òjìji sórí aṣọ, aṣọ tútù sì gbọ́dọ̀ fi àwòrán ẹyẹ hàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ṣe ń dán. Mo kọ́ aṣọ mìíràn sínú Blender tó ń rìn gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá ṣe rìn, kí òjìji lè rí ibi dúró sí, mo sì fi HDRI àgbàlá náà tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí páànù òrùlé fi pupa rúsúrúsú rẹ̀ sí abẹ́ ìyẹ́ àwọn ẹyẹ láìjẹ́ pé mo fi iná kankan kún un, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé wá wò ó.

Render, pẹ̀lú iná tiwa

Ní ti render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò àwòrán ìkẹyìn jáde, káàdì àwòrán RTX 3060 oní-12 GB ni mo ní. Ó tó. Ohun tí kò tó ni iná. N kì í render fídíò lẹ́ẹ̀kan. Férémù kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lọ́tọ̀ bíi fáìlì àwòrán EXR oní-16-bit. Nínú Output ti Blender, mo yọ àmì kúrò lórí Overwrite, èyí tó ń mú kí ó tún fáìlì tó ti wà ṣe. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí inverter sì rẹ̀wẹ̀sì, ìgbà tí iná bá dé tí mo tún tẹ render, Blender á fo èyí tó ti ṣe tán, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó kù. Placeholders, tó ń fi fáìlì òfìfo di àyè férémù tó ń lọ lọ́wọ́ mú, wúlò bí kọ̀ǹpútà méjì bá ń pín iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un: bí iná bá lọ láàárín férémù, fáìlì òfìfo kan á kù sílẹ̀, Blender á sì rò pé ó ti ṣe é. Ẹ to fáìlì yín bí wọ́n ṣe tóbi sí, ẹ pa èyí tó jẹ́ òdo rẹ́, kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Gbọ̀ngàn

Àjọ̀dún náà béèrè DCP, ìyẹn àkójọ fáìlì fíìmù tí ẹ̀rọ gbọ̀ngàn sinimá ń lò. DCP-o-matic, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi ṣe é: JPEG 2000, kò ju 250 Mbit lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn 48 kHz. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo bẹ gbọ̀ngàn sinimá kan níbí kí wọ́n fi hàn mí kí àwọn oníwòran tó dé. Ojú kọ̀ǹpútà mi ń tàn ní nǹkan bíi nits 100 (nits ni a fi ń wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe mọ́lẹ̀ tó). Funfun tó mọ́ jù nínú gbọ̀ngàn, 48 ni. Aró tó dúdú dáadáa nílé á rì sínú òkùnkùn níbẹ̀, ìká aṣọ á pòórá. Mo padà sílé, mo fi roto tí mo ti ṣe sílẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ aṣọ nìkan sókè, n kò fọwọ́ kan ògiri àti ojú Ìyá.

Orúkọ àwọn òṣèré náà gba àkíyèsí. Lẹ́tà bíi ẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ ló wà, àmì ohùn á wá gun orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi fọ́ńtì tó mọ̀ ọ́n kọ orúkọ, mo sì sọ wọ́n di àwòrán, kí ẹ̀rọ gbọ̀ngàn kankan má bàa bà á jẹ́. Orúkọ Ìyá gbọ́dọ̀ pé pérépéré lójú Faransé.

Òkè òkun

Ti físà, mo gbà á, ó tán. Lẹ́yìn tí a fi fíìmù náà hàn, obìnrin kan tó ń bójú tó VFX ní ilé iṣẹ́ kan ní Montréal wá bá mi. Kò bi mí léèrè ẹyẹ. Ó bi mí pé ta ló ya ìmọ́lẹ̀ àgbàlá yẹn, àti pé báwo ni mo ṣe mọ bí aṣọ ṣe ń yí àwọ̀ láti etí wá sí inú. Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi. Ó wo ọfà tí mo yà, ó wo aago, ó wo ìwọ̀n ògiri, ó ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ó ní ẹyẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè ṣe é. Ẹni tó ń kọ irú èyí sílẹ̀ lòun ń wá.

Iṣẹ́ ìdánwò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: kí n yọ wáyà kan kúrò lẹ́yìn òṣèré. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí tó bá dáa. Mo ṣe é, mo sì kọ ohun tí mo ṣe mọ́ ọn, férémù wo, ìdí wo. Ìwé àdéhùn tẹ̀lé e. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun han ẹlòmíì, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ wọn kò sì gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú wọn nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru. Àtúnṣe wọn ń dé sí mi lálẹ́, wọ́n á jí bá iṣẹ́ tó ti parí. Èyí jẹ́ àǹfààní fún wa, ẹ máa sọ ọ́ fún oníbàárà yín.

Lórí owó: ẹ kọ iye àtúnṣe sínú àdéhùn. Iye kan fún ìran kan láì sí òpin àtúnṣe á jẹ yín run. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là kí iṣẹ́ tó dé, nítorí báńkì kì í kánjú. Ẹ má sì tìtorí pé ilé la wà ta iṣẹ́ yín ní ọ̀pọ̀, nítorí iná tí ẹ ń rà, ẹni tó wà ní Montréal kì í rà á.

Ibi tó kù sí

Mo ní ọmọ iṣẹ́ méjì báyìí, roto ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ilé iṣẹ́ náà ti ní kí n wá bójú tó VFX níbi tí wọ́n ti máa ya fíìmù tó ń bọ̀, kì í ṣe nídìí kọ̀ǹpútà nìkan mọ́. Mo ti tún fọ́ọ̀mù ojú iṣẹ́ mi ṣe fún ìyẹn: nọ́ńbà ìran, lẹ́ǹsì, bí ó ṣe ṣí tó, shutter, férémù, Hz iná ibẹ̀, bí kámẹ́rà ṣe ga sílẹ̀ tó àti bó ṣe tẹ̀ tó, bó ṣe jìnnà sí òṣèré, aago, ìhà oòrùn, bọ́ọ̀lù méjèèjì, HDRI, pátákó lẹ́ǹsì. Àyè kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, fún ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ tí à ń yà bá sọ fún wa nípa bí nǹkan rẹ̀ ṣe ń ṣe, aláró ni o, alágbẹ̀dẹ ni o, apẹja ni o.